Ọmọ tó ń jà ti rí ìtọ́jú, èyí tí kì í sọ̀rọ̀ ò rí. Kí ló ń fà á?

Tíṣà Kíláàsì Kejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama, àwọn ọmọ ọdún 11 sí 13 ló wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí i, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ìlera ọpọlọ àti ẹ̀yin òbí tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí.

Ọmọ méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò ní dárúkọ wọn, mo sì ti yí nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Ọkùnrin ni ẹni àkọ́kọ́. Ìjà ṣáá ni. Tínú bá bí i, á ti àga lulẹ̀, á gbá ìwé ẹlòmíì dànù, bí mo bá ní kó jókòó, ìta ló ń gbà lọ. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ fi dé ọ́fíìsì ọ̀gá wa. Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá ẹ̀, wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n ní kó máa lọ rí olùdámọ̀ràn, olùdámọ̀ràn sì darí wọn sílé ìwòsàn. Ó ti ń gba ìtọ́jú báyìí. Ó ṣì máa ń bínú, àmọ́ ó ti ń lè jókòó parí iṣẹ́, inú mi sì dùn sí i gan-an.

Obìnrin ni ẹnì kejì. Kì í jà, kì í pariwo, kì í pẹ́ dé. Ìwé ẹ̀ ni mo fi kọ́kọ́ fura. Tó bá kọ ìlà kan, á fi írésà pa á rẹ́, á tún un kọ, á tún pa á rẹ́, títí ìwé náà á fi lu. Mo gba ìwé ìṣirò ẹ̀ lọ́jọ́ kan kí n lè máàkì í, ojú ewé mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn ló ti lu, ní ibi kan náà, níbi tó yẹ kí ìdáhùn wà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá ń kíyè sí i pé nígbàkigbà tó bá ti ku ẹnì kan kí ìwé kíkà sókè kàn án, ló máa ń tọrọ àyè lọ sí ilé ìtọ̀. Kì í jáde lákòókò ìsinmi mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì tí wọ́n jọ máa ń jókòó ti wábi gbà. Máàkì ẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà kò sẹ́ni tó ta gìrì.

Mo sọ fáwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Wọ́n ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni, pé ká ní gbogbo kíláàsì rí bẹ́ẹ̀ ni, ara ì bá tù wá. Ìyá ẹ̀ ní bó ṣe rí láti kékeré nìyẹn. Ọmọ náà fúnra ẹ̀ ní kò sí nǹkan kan.

Ohun tí mò ń béèrè rèé: kí ló ń pinnu bóyá ọmọ ọjọ́ orí yìí á dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè tọ́jú ẹ̀? Ṣé bí ìṣòro bá ṣe le tó ni? Ohun tí mò ń fojú rí ò jọ bẹ́ẹ̀. Kí sì ni olùkọ́ lásán bíi tèmi lè ṣe láìkọjá àyè mi?

Olùdámọ̀ràn Àgbà

Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ilé ìwé ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé mi ṣe, ohun tẹ́ ẹ béèrè yìí ló sì yẹ kí gbogbo ilé ìwé máa béèrè.

Ọmọ ọdún 11, 12, 13 kì í dá gbé ara ẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà ló ń pe fóònù, àgbàlagbà ló ń buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, àgbàlagbà ló ń tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́ láti mú un lọ. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ ọmọ bá ṣe ń ni àgbàlagbà lára tó ló sábà máa ń gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, ju bó ṣe ń ni ọmọ fúnra ẹ̀ lára lọ. Mi ò fi èyí bú ẹnikẹ́ni o. Wọ́n ti wádìí ẹ̀.

Ní North Carolina lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan lọ́dún 1993 tí wọ́n ń pè ní Great Smoky Mountains Study. Àwọn ọmọ ọdún 9, 11 àti 13 ni wọ́n mú, wọ́n sì ń tẹ̀ lé wọn bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Lọ́dún 1998, Adrian Angold àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé àbájáde kan jáde látinú iṣẹ́ náà. Wọ́n rí i pé ẹrù tí ìṣòro ọmọ ń dì lé òbí lórí wà lára ohun tó lágbára jù lọ tó ń sọ bóyá ọmọ náà á rí ìtọ́jú gbà. Ìdààmú ọmọ tó ń jà máa ń kan gbogbo èèyàn kíá. Ìdààmú ọmọ tó ń pa ìwé rẹ́ títí tó fi lu, òun nìkan ló ń kàn.

Ìwádìí míì tó jáde lọ́dún 2011, lórí àwọn ọmọ ọdún 13 sí 18 káàkiri Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà míì dé ibì kan náà. Nínú àwọn tó ní ADHD, ìyẹn àwọn tí ìjókòó sójú kan àti ìfọkànsí máa ń nira fún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60 nínú 100 tó ti rí ìtọ́jú gbà fún un. Nínú àwọn tí ìbẹ̀rù àti àìbalẹ̀ ọkàn ń dà láàmú, wọn ò tó 20 nínú 100. Inú àwọn tí kò rí ìtọ́jú yẹn ni mo ti ń rí ọmọbìnrin yín.

Ilé ìwé wá ni ilẹ̀kùn ìtọ́jú tó sún mọ́ ọmọ jù. Nínú iṣẹ́ North Carolina yẹn, bẹ́ ẹ bá mú 100 ọmọ tó rí ìrànlọ́wọ́ gbà, àwọn tó gbà á nílé ìwé lé ní 70, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì rí i gbà níbòmíì rárá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ "olùkọ́ lásán" tẹ́ ẹ kọ yẹn. Ẹ̀yin lẹ rí ìwé tó lu. Dókítà ò lè rí i láé, àyàfi tẹ́nì kan bá mú un dé iwájú ẹ̀.

Ọjọ́ orí yìí náà ò ṣeé fojú kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọmọ méje tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní ìṣòro ìlera ọpọlọ. Wọ́n tún sọ pé nínú àwọn ìṣòro ọpọlọ, ìdá kan nínú mẹ́ta ló ti ń bẹ̀rẹ̀ kéèyàn tó pé ọdún 14, ìdajì sì ti bẹ̀rẹ̀ kó tó pé 18. Àwọn ọmọ kíláàsì yín gan-an ni wọ́n ń sọ.

Kóòṣì Ọmọdé

Mo kí gbogbo yín. Bọ́ọ̀lù ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 10 sí 14. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa olùdámọ̀ràn yé mi, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá a jiyàn díẹ̀.

Ariwo kì í fìgbà gbogbo gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Mo ti rí ọmọ tó ń jà tí wọ́n lé e kúrò nílé ìwé, tí wọ́n lé e kúrò nínú ẹgbẹ́, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, tí kò sí ẹnì kan tó béèrè pé kí ló ń ṣe é. Ọmọ kan wà tí bàbá ẹ̀ kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, bàtà bọ́ọ̀lù bàbá yẹn ló ń wọ̀ wá sí pápá, ó tóbi jù ú lọ, ó máa ń ki ìbọ̀sẹ̀ bọ iwájú ẹ̀. Ẹni tó bá ti fẹnu kan bàtà náà, ẹ̀ṣẹ́ ni. "Aláìgbọràn" ni ilé ìwé kọ sínú ìwé ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ léraléra. Mo tún ti rí ọmọ ẹni tó lówó lọ́wọ́ tó ṣe irú ohun kan náà, dókítà ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Nítorí náà, bí ẹ bá ń sọ pé ariwo ló ń mú ìtọ́jú wá, ẹ fi ti ẹni tó ń pariwo náà kún un.

Ohun míì nìyí, ìbéèrè gidi ni mo fi ń béèrè. Ọmọ tó ń bàlágà, inú ẹ̀ lè dùn láàárọ̀ kó sì bàjẹ́ lọ́sàn-án. Tá a bá ní ká máa kó gbogbo wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, àwọn tó nílò ẹ̀ gan-an á máa dúró de àwọn tí kò nílò ẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀?

Olùdámọ̀ràn Àgbà

Kóòṣì, ẹ ṣé. Ọ̀rọ̀ yín àkọ́kọ́ yẹn, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nínú ìwádìí ọdún 2011 tí mo mẹ́nu bà, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àtàwọn tí ìran wọn wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Spanish ò rí ìtọ́jú fún ìrẹ̀wẹ̀sì àti àìbalẹ̀ ọkàn tó àwọn aláwọ̀ funfun, kódà níbi tí ìṣòro náà ti le. Àgbàlagbà ló ń pinnu bóyá ohun tóun ń wò jẹ́ àìsàn àbí ìwà burúkú, ojú tó sì ti fi ń wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló fi ń pinnu. Ọmọ tó wọ bàtà bàbá ẹ̀ yẹn, ọ̀fọ̀ ló ń ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo ì bá ti tó láti béèrè lọ́wọ́ ẹ̀.

Ní ti bá a ṣe ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀: mo máa ń wò ó bóyá ọmọ náà yàtọ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo máa ń wo bó ṣe pẹ́ tó, torí ìbànújẹ́ tó bá wá lọ́jọ́ Ajé tó sì lọ lọ́jọ́rú ò ní kí n sáré. Àmọ́ ohun tí mo fi ń pinnu jù ni ohun tó ti gbà lọ́wọ́ ọmọ náà. Ṣé ó ti gba oorun lójú ẹ̀? Ṣé ó ti gba ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àbí eré tó fẹ́ràn? Ọmọ Tíṣà wa ti pàdánù ọ̀rẹ́ méjì, àkókò ìsinmi, àti ìwé kíkà sókè. Ìyẹn ti kúrò ní ti inú tó ń dùn tó ń bàjẹ́.

Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pè ní SDQ, Robert Goodman ló ṣe é, ó gbé e jáde lọ́dún 1997. Ìbéèrè 25 ni, òbí lè dáhùn ẹ̀, olùkọ́ lè dáhùn ẹ̀, ọmọ tó bá ti pé ọdún 11 náà sì lè fọwọ́ ara ẹ̀ dáhùn tiẹ̀. Kò lè sọ pé ọmọ ní àìsàn báyìí-báyìí, ẹ má fi ṣe ìyẹn. Ohun tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé ìdáhùn olùkọ́ àti ti ọmọ kì í sábà bára mu lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn. Olùkọ́ á ní ọmọ náà ò níṣòro kankan. Ọmọ á fọwọ́ ara ẹ̀ máàkì pé òun máa ń bẹ̀rù, pé inú òun máa ń bàjẹ́, pé orí máa ń fọ́ òun. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà nìkan la béèrè lọ́wọ́ ẹ̀, a ò ní mọ̀.

Ẹ má sì rò pé dókítà ni gbogbo ẹni tá a bá fura sí máa bá lọ. Ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé kó máa rí mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún sáà kan ti tó.

Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Èmi ni ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 12. Mo ti dàgbà, mò ń kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì báyìí.

Tí wọ́n bá bi mí pé kí ló dé, "kò sí nǹkan kan" lèmi náà máa ń sọ. Mi ò purọ́. Mo rò pé bó ṣe ń ṣe gbogbo èèyàn nìyẹn, pé gbogbo èèyàn ló máa ń jí láàárọ̀ tí àyà á ti máa já wọn kí wọ́n tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀, àmọ́ àwọn lè gbé e mọ́ra, èmi ni mi ò lè gbé e mọ́ra. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ohun tí mi ò mọ̀ pé ó lórúkọ?

Nígbà tó yá tí mo mọ̀, ìbẹ̀rù míì ló gbà mí lọ́kàn. Ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ilé ìwé wa, ẹ̀gbẹ́ yàrá àwọn olùkọ́ ló wà, fèrèsé gíláàsì ló ní, kò sì ní kọ́tìnì. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń rí i. Tí wọ́n bá fẹ́ rí ẹnì kan, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni wọ́n fi ń pe orúkọ ẹ̀. Mo máa ń gbàdúrà kí wọ́n má pe tèmi. Ó tún dá mi lójú pé ohunkóhun tí mo bá sọ níbẹ̀, màmá mi á ti gbọ́ kí n tó délé.

Ohun tó ṣòroó ṣàlàyé jù rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Bó ṣe ń burú sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò wù mí kí ẹnikẹ́ni ràn mí lọ́wọ́. Nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dójú ẹ̀, mo gbà pé kò sóhun tẹ́nikẹ́ni lè ṣe sí i, pé tí mo bá sọ ọ́, màá kàn ba inú wọn jẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá ń dúró kí ọmọ tó ń jìyà jù wá bá yín fúnra ẹ̀, òun gan-an ló máa kẹ́yìn.

Olùkọ́ bayọ́lọ́jì mi ló rí mi. Kò bi mí pé "kí ló dé?" Ó ní, "Mo rí i pé o kì í jẹun lákòókò ìsinmi mọ́, mo sì rí i pé o máa ń di ìka mọ́ ìka tí mo bá pè ọ́. Ṣé o ń sùn lóru?" Oorun rọrùn láti sọ̀rọ̀ lé. Mo ní rárá. Ó wá ní, "Ṣé kí n bá ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì?" Ó bá mi lọ lóòótọ́, kò fún mi ní ìwé kó ní kí n máa lọ. Ó jókòó síta títí mo fi jáde.

Olùdámọ̀ràn Àgbà

Ọmọ mi, o ṣé tó o sọ èyí. Gbogbo ẹni tó ń kà á, ẹ tún un kà.

Kì í ṣe òun nìkan. Lọ́dún 2010, àwọn olùwádìí mẹ́ta láti Ọsirélíà, Gulliver, Griffiths àti Christensen, kó àwọn ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ jọ láti wo ohun tó ń dí àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ kí wọ́n má wá ìrànlọ́wọ́. Ohun tí wọ́n rí ni ìbẹ̀rù ohun táyé máa sọ, àìmọ àmì àìsàn náà, ìbẹ̀rù pé àṣírí á tú, àti èrò pé ó yẹ kéèyàn dá yanjú ìṣòro ara ẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà nínú ohun tí ọmọ yìí kọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ bá mi ta kọ́tìnì sí fèrèsé yẹn. Ẹ má fi gbohùngbohùn pe ọmọ wá sọ́dọ̀ olùdámọ̀ràn mọ́. Kò ná yín ní nǹkan kan.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìdí òbí, torí ẹ ti ń sọ ọ́ bíi pé tí òbí bá ti mọ̀, ó ti parí nìyẹn.

Mo mọ̀. Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé nǹkan ń ṣe ọmọ mi kejì. Bàbá ẹ̀ ò fẹ́ ká gbé e lọ, kì í ṣe pé kò nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ o, ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé kan tó máa tẹ̀ lé e dé ibi tó bá ti ń wáṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Ohun tó yí i lọ́kàn padà ni pé ọmọ náà ò sùn, àwa náà ò sì sùn, títí tó fi di pé ó ń tòògbé lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí wọ́n kọ lọ́dún 1998 tí ẹ̀gbọ́n wa sọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n nínú egungun mi.

Ibi tá a kọ́kọ́ dé, wọ́n ní orúkọ wa máa wà nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ná. Ìgbà díẹ̀ ọ̀hún pẹ́. Nígbà tó kàn wá, àárín ọ̀sán ni wọ́n fún wa, lọ́jọ́ iṣẹ́, lọ́jọ́ ilé ìwé. Ẹni tó jókòó síbi ìforúkọsílẹ̀ wá gbé ohùn sókè láàárín èrò, ó ní, "Ṣé ọmọ tó ń ronú ikú nìyí?" Ọmọ ọdún 13 ni o. Gbogbo ojú yí sí i. Mo rí bó ṣe fa fìlà jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ bo iwájú orí, kò sì ṣí i títí a fi délé. Ó búra pé òun ò ní padà síbẹ̀, kò sì padà. Nínú ìwé tiwọn, "aláìsàn ò wá mọ́" ni wọ́n máa kọ.

Ibi kejì tá a dé yàtọ̀. Obìnrin tó gbà wá kọ́kọ́ bá àwa méjèèjì sọ̀rọ̀ pa pọ̀, ó wá sọ lójú mi fún ọmọ náà pé ohun tó bá sọ á wà láàárín àwọn méjèèjì, àfi tí ẹ̀mí ẹ̀ tàbí ti ẹlòmíì bá wà nínú ewu, pé nígbà yẹn, òun á kọ́kọ́ sọ fún un kóun tó sọ fún mi. Lẹ́yìn náà ló ní kí n jáde. Ó dùn mí díẹ̀ pé mo jáde, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ọmọ náà fúnra ẹ̀ ló béèrè ìgbà tá a máa padà wá.

Nítorí náà, Tíṣà, kí wọ́n dé ibẹ̀ lọ́tọ̀, kí ọmọ gbà láti padà síbẹ̀ lọ́tọ̀.

Tíṣà Kíláàsì Kejì

Ẹ ṣé gan-an ni. Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ nípa ohun tí wọ́n fojú ọmọ yín rí níbẹ̀.

Mo ti fẹ́ bá ìyá ọmọbìnrin yìí sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé ó lè rò pé mò ń pe ọmọ òun ní wèrè. Ẹ̀gbọ́n olùdámọ̀ràn, báwo ni mo ṣe máa gbé e kalẹ̀? Ṣé mo sì lè ṣe ohunkóhun tí kò bá gbà?

Olùdámọ̀ràn Àgbà

Ẹ má dárúkọ àìsàn kankan. Kì í ṣe iṣẹ́ yín, ó sì máa ń ti ilẹ̀kùn pa. Ẹ mú ìwé ìṣirò náà dání. Ẹ ṣí ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ gbé e fún un, kẹ́ ẹ jẹ́ kó wò ó fúnra ẹ̀. Ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ rí: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìwé kíkà tó ń sá fún, ọ̀rẹ́ tó ti lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé kí lòun ń rí nílé, kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Bó bá sọ pé bó ṣe rí láti kékeré nìyẹn, ẹ bi í bóyá láti kékeré náà ni kì í ti í lọ́rẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń rántí ìyàtọ̀ nígbà tó bá di ìbéèrè tó ṣe tààrà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó bá jẹ mọ́ tẹni tí kò gbà, òfin yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ní England, láti ìgbà ìdájọ́ Gillick lọ́dún 1985, ọmọ tí kò tíì pé 16 lè fọwọ́ sí ìtọ́jú fúnra ẹ̀ tó bá lóye ohun tó ń fọwọ́ sí dáadáa. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíì, láìsí òbí, kò sí ìtọ́jú. Ní Ọsirélíà, wọ́n dá àwọn ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní headspace sílẹ̀ lọ́dún 2006 fáwọn ọmọ ọdún 12 sí 25, wọ́n sì kó ìtọ́jú ara àti ti ọpọlọ sábẹ́ òrùlé kan náà, débi pé ẹni tó rí ọmọ tó ń wọlé ò lè mọ èyí tó bá wá. Ó wù mí kí gbogbo ibi ní irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ béèrè òfin lọ́wọ́ olùdámọ̀ràn ilé ìwé yín kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Tí ọmọ náà bá sọ fún yín pé òun fẹ́ kú tàbí pé ẹnì kan ń pa òun lára, ẹ má ṣèlérí àṣírí fún un. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ sọ fún ẹni tó yẹ lọ́jọ́ náà gan-an.

Tíṣà Kíláàsì Kejì

Mo wá jábọ̀ fún yín. Mo bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀. Mi ò tíì sọ nǹkan kan tó fi fọwọ́ kan ibi tí ìwé ti lu yẹn. Ó bi mí pé, "Ṣé òun ló ṣe gbogbo èyí?" Ó wá sọ fún mi pé ọmọ náà ti ń jí lóru wá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá òun, kò ní sọ̀rọ̀, pé òun ti rò pé ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè ni, pé ó máa lọ. Ó ti fọwọ́ sí i kí olùdámọ̀ràn wa rí i. Olùdámọ̀ràn ti rí i, ó ní òun fẹ́ kí onímọ̀ nípa ọpọlọ àwọn ọmọdé wò ó.

Níbi tá a dé báyìí, iṣẹ́ tí ìyá ẹ̀ ń ṣe ò jẹ́ kó lè jáde lọ́sàn-án, kò sì fẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Ìyá Ọmọ Mẹ́ta ṣẹlẹ̀ sí tiẹ̀. Ó ní kí n bá òun béèrè ohun tó yẹ kóun wádìí lórí fóònù kóun tó mú ọmọ lọ.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta

Ẹ bá mi kí i, ẹ sọ fún un pé ó ṣeun tó fọwọ́ sí i.

Kó béèrè bóyá wọ́n máa ń gba ọmọ lẹ́yìn ilé ìwé tàbí lópin ọ̀sẹ̀, torí àwọn ibì kan ń ṣe é àmọ́ wọn kì í sọ àfi téèyàn bá béèrè. Kó béèrè bí wọ́n á ṣe pẹ́ tó kó tó kàn wọ́n, tó bá sì gùn, kó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀ fún àyè ẹni tí kò bá lè wá. Báyẹn ni wọ́n ṣe pè wá síbi kejì, òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n pè, a sì lọ lọ́jọ́ náà. Kó béèrè bóyá wọ́n á fún ọmọ láyè láti dá bá wọn sọ̀rọ̀. Kó béèrè ẹni tó máa rí àkọsílẹ̀ ọmọ, bàbá ọmọ máa fẹ́ mọ ìyẹn. Kó sì sọ fún ẹni tó bá gbé fóònù pé tí àwọn bá dé, orúkọ nìkan ni kí wọ́n pè, kí wọ́n má sọ ohun tó gbé wọn wá. Tó bá bá ẹni tó ń kanra pàdé lórí fóònù, kó má jáwọ́. Kó pè padà lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíì lè gbé e.